Mẹ̀sí Lágúnjú àti Ọ̀nà Ẹdúnàbọ̀n

Mẹ̀sí kan wà lẹ́yìn ilé Lágúnjú ní Òkèrèwè tí kò sí ẹni tó gbọdọ̀ bá a ná an. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jókòó sílẹ̀, adìyẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀, koríko sì ti ga dé ibi iná iwájú. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ti wá títí, ó ti sú wọn. Bí wọ́n bá kanlẹ̀kùn, Títílọpẹ́ ìyàwó rẹ̀ ni yóò yọjú, yóò ní kí wọ́n máa lọ kí baálé ilé tó gbọ́ ohùn wọn. Àwọn aládùúgbò ní afẹ́ ló ń dà á láàmú, wọ́n ní ẹni tó ti gẹṣin rí kò lè gbàgbé gàárì. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Ẹnu tí èèyàn fi ń jẹun, kò yẹ kó máa fi sọ ohun tí kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ mọ́tò yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ afẹ́, ọ̀rọ̀ ìyá Lágúnjú ni, ibẹ̀ ló sì ti yẹ ká bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Mojíre lorúkọ ìyá náà. Ọmọ Ẹdúnàbọ̀n ni, láti ìdílé àwọn Mùsùlùmí tí ogun ayé àtijọ́ lé kúrò lápá Ọ̀yọ́ tí wọ́n wá tẹ̀dó síbẹ̀. Bàbá àti ìyá rẹ̀ tètè kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Abdulsalam Àjàgbé, ló tọ́ ọ dàgbà. Àjàgbé ti fi í fún ọmọ ààfáà kan. Ó ti gba ìdána, wọ́n ti ń ka ọjọ́, ni Mojíre bá ní ọmọ Ifẹ̀ kan tó ń wá ṣiṣẹ́ lóko kòkó lòun fẹ́, onígbàgbọ́ tí kò ní ju àdá kan àti aṣọ mẹ́ta lọ. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Wọ́n nà án, kò gbọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó kó ẹrù rẹ̀ sínú igbá, ó gbé e rù, ó sì kọrí sọ́nà Ifẹ̀. Àjàgbé tẹ̀ lé e dé etí títì. Kò fọwọ́ kàn án o. Ó kàn sọ ọ́ lójú gbogbo àwọn tó ń kọjá pé, "Ẹsẹ̀ lo fi ń lọ yìí. Ẹsẹ̀ náà ni wàá fi padà wá, lọ́jọ́ tí ìyà bá jẹ ọ́ yó."

Ìyà jẹ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ ẹ́ yó. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú nítorí rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ló bí, Lágúnjú nìkan ló dúró fún un. Ọdún ń gorí ọdún, kò padà sí Ẹdúnàbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n ní àbúrò ló yẹ kó wá bẹ òun, àbúrò ní ẹ̀gbọ́n ló yẹ kó ránṣẹ́ pe òun. Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe jókòó, tí wọ́n ń fi ẹnu ẹlẹ́nu kí ara wọn, ní ìlú méjì tí ọ̀nà wọn kò ju nǹkan bíi máìlì mẹ́wàá lọ.

Mojíre kò fìgbà kan sọ ọ̀rọ̀ etí títì yẹn fún ọmọ rẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin kan, tí ẹnu rẹ̀ kì í gba omi dúró, ló sọ ọ́ fún Lágúnjú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, tí wọ́n jọ ń sá kòkó. Ó sọ ọ́ ní ẹ̀rín ni. Ọmọ kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ló ti wà lọ́kàn rẹ̀ pé ìyá òun kò ní fẹsẹ̀ wọ Ẹdúnàbọ̀n. Mọ́tò ni yóò fi wọ̀ ọ́. Kì í sì í ṣe mọ́tò jákujàku kan, Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́ ni, èyí tí Àjàgbé yóò gbọ́ ìró rẹ̀ tí yóò jáde wá wò ó, tí ojú yóò tì í.

Ìwé Lágúnjú kò jìnnà. Iṣẹ́ títẹ̀wé ló kọ́, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Mayfair, lójú ọ̀nà yunifásítì, ó gbé tápuréta mẹ́ta síbẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ gboyè ń gbé iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wọn wá. Ọwọ́ rẹ̀ yá. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, wọ́n ní ẹ ò ní mọ èwo ni òjò, ẹ ò ní mọ èwo ni Lágúnjú. Ó bí ọmọ, ó rán wọn nílé ìwé, ó sin bàbá rẹ̀, ó sì mú ìyá rẹ̀ sọ́dọ̀. Ó ra ilẹ̀ kan tó fẹ́ kọ́lé sí. Ẹni tó bá rí i nígbà náà yóò ní nǹkan ń lọ déédéé fún un, ó sì ń lọ déédéé lóòótọ́.

Lọ́dún 1992, nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ń ṣí lọ sókè òkun lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí owó oṣù kò tó wọn jẹun mọ́, Dókítà Fáníyì, ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà Lágúnjú, wá sí ṣọ́ọ̀bù pé òun náà ń lọ, òun sì fẹ́ ta mọ́tò òun. Mẹ̀sí ni, aláwọ̀ wàrà, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọkùnrin náà kò tan Lágúnjú jẹ. Ó ní, "Bàbá Ayọ̀ọlá, mi ò ní purọ́ fún yín. Mọ́tò yìí ti darúgbó. Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú arúgbó ni wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀. Ẹni tí ò bá lágbára ìtọ́jú ẹ̀, kó má rà á." Lágúnjú gbọ́ Mẹ̀sí, kò gbọ́ èyí tó kù. Ilẹ̀ tó fẹ́ kọ́lé sí ló tà.

Títílọpẹ́ sunkún ní ọjọ́ náà. Ó ní, "Bàbá Ayọ̀ọlá, ṣé inú mọ́tò la ó máa sùn ni?" Obìnrin náà sọ òótọ́.

Nígbà tó gbé e dé Òkèrèwè, ìyá rẹ̀ ti ọ̀pá jáde, ó fọwọ́ pa iwájú ọkọ̀ náà títí, ó wúre fún ọmọ rẹ̀, ó wá fi oríkì pè é, ó ní, "Àyìnlá, èyí mà tóbi ju yàrá mi lọ." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Lágúnjú ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, níbi tí ọ̀gá máa ń jókòó sí nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti ra ọ̀rá tó nípọn, ó ti fi bo ìjókòó náà. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fìdí kàn án, ìyàwó ni o, ọmọ ni o, pásítọ̀ ni o, àfi ìgbà tí ìyá òun bá jókòó síbẹ̀ wọ Ẹdúnàbọ̀n. Ó ní Sátidé tó ń bọ̀ ni.

Sátidé náà dé. Ìyá wọ aṣọ òfì rẹ̀, ó jókòó sórí ọ̀rá, ó gbé ọ̀pá sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Lágúnjú yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ kọ́ ikọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dákẹ́. Àwọn ọmọ àdúgbò tì í dé ìsàlẹ̀, wọ́n tì í padà sókè, ojú ń ti Lágúnjú, òógùn ń bọ́ lára rẹ̀. Ìyá gbórí síta lójú fèrèsé. Ó ní, "Ẹ jẹ́ n sọ̀ kalẹ̀, ó lè jẹ́ èmi ni mo wúwo." Ó sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń ti ọkọ̀ òun lọ. Nígbà tí oòrùn mú, ó wọlé lọ bọ́ òfì rẹ̀.

Bí ìyọnu ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Abdulwaheed ni mẹkáníìkì tó ń tọ́jú Mẹ̀sí náà, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan tí kì í gba ohun tí kò tọ́ sí i. Òun gan-an sọ ọ́ nígbà tó wo inú ẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, mo lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí mo bá dí ihò kan, òmíràn á ṣí." Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Wọ́n ṣe rédíétọ̀, gíà takú. Wọ́n ṣe gíà, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì bí ọ̀mùtí. Ohun tí wọ́n bá ń wá kì í sí n'Ífẹ̀, àfi kí wọ́n ránṣẹ́ sí Ìbàdàn tàbí Èkó, kí wọ́n wá a láàárín àlòkù. Nígbà tí iṣẹ́ wà ní ṣọ́ọ̀bù, epo kò sí nílé epo. Nígbà tí epo dé, àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ti yunifásítì pa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gba ilé wọn lọ, Lágúnjú jókòó ti tápuréta, ó ń nu eruku ara ẹ̀. Ó ta ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ra táyà. Ó ta èkejì.

Àwọn ọjọ́ tí ara ọkọ̀ náà bá dá, ó máa ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó máa ń gbé e lọ sí Mayfair, ọ̀rá ń dán lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Ó máa ń dán an wò lọ́nà Ẹdúnàbọ̀n pẹ̀lú, òun nìkan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló dán an wò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ọkọ̀ náà gbóná tó tú èéfín, tí wọ́n fi okùn fà á wálé. Ó ní kí irú èyí ṣẹlẹ̀ níwájú ilé Àjàgbé, tí ìyá òun wà nínú ẹ̀? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ.

Ìyá rẹ̀ ti sọ ọ́ fún un, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ọkàn rẹ̀ ti rọ̀, ilé bàbá rẹ̀ ló ń rò. Orúnkún ti mú un, kò lè dá jáde, ì bá ti lọ tipẹ́. Ó ní, "Àyìnlá, àwọn ọkọ̀ èrò tó ń kọjá yìí, Ẹdúnàbọ̀n náà ni wọ́n ń lọ. Jẹ́ kí Ayọ̀ọlá dì mí lọ́wọ́ mú, ká lọ ká bọ̀." Lágúnjú a ní, "Màmá, ẹ ní sùúrù. Kí wọ́n rí yín láàárín èrò, tí wọ́n fún yín mọ́ igun? Ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ wọlé bàbá yín." Ìyá a wò ó. Ó mọ̀ pé nítorí òun ló ṣe ta ilẹ̀. Yóò ní, "Ó dáa, ọmọ mi." Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Ohun tó ń dun èèyàn nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kò sí ìkà kankan níbẹ̀. Ìfẹ́ ni gbogbo ẹ̀.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Ní Túsìdeè kan lọ́dún 1995, lọ́sàn-án, obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù Lágúnjú, ó kúnlẹ̀. Ó ní òun ni Fàòsíyà, ọmọ Abdulsalam Àjàgbé, láti Ẹdúnàbọ̀n. Ó ní òun kò mọlé, ẹnìkan ló júwe ṣọ́ọ̀bù fún òun.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, Bàbá ló rán mi. Wọ́n ní kí n wá mú Ìyá Ifẹ̀ wá fún àwọn."

Ìyá Ifẹ̀ ni wọ́n ń pe Mojíre lọ́hùn-ún. Lágúnjú kò mọ̀ rí. Ó béèrè pé, "Ṣé kò sí o?"

"Ó rẹ̀ wọ́n, Bọ̀ọ̀dá. Ó ti rẹ̀ wọ́n gan-an. Wọ́n ní àwọn sọ ọ̀rọ̀ kan sí Ìyá létí títì láyé ọjọ́un. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kó ọ̀rọ̀ náà jẹ lójú wọn kí àwọn tó lọ."

Ayọ̀ kan sọ nínú Lágúnjú tí ojú fi ń tì í títí dòní. Ohun tó ń retí láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ló dé yìí. Àjàgbé fẹ́ kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ó dáa, kó kó o jẹ, ṣùgbọ́n kí Mẹ̀sí wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó bá ń kó o jẹ. Mẹ̀sí náà sì wà lọ́dọ̀ Abdulwaheed, wọ́n tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀ lórí àpò, ọjọ́ Jímọ̀ ni mẹkáníìkì dá.

Ó ní, "Àbúrò mi, sọ fún Bàbá pé Sátidé la ó dé, láàárọ̀."

Fàòsíyà kò dìde. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́. Ọkọ̀ èrò kún títì. Màá di Ìyá lọ́wọ́ mú, a ó rọra lọ. Kí oòrùn tó wọ̀ a ti débẹ̀."

"Àgbàlagbà bí ìyá mi kò ní wọ ọkọ̀ èrò lọ gbẹ̀bẹ̀. Sátidé. Sọ fún wọn pé mọ́tò la ó gbé wá."

"Ẹ jẹ́ n kàn délé kí n kí wọn."

Lágúnjú mọ̀ pé bí ìyá òun bá gbọ́, kò sí Mẹ̀sí tó lè dá a dúró, ọ̀pá ni yóò fi máa lọ. Ó ní, "Wọn ò sí nílé. Wọ́n lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ." Irọ́ ni. Ìyá wà nílé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Lágúnjú ra mínírà fún Fàòsíyà, ó fún un lówó ọkọ̀, ó sìn ín dé títì. Ọkọ̀ èrò kan dúró, obìnrin náà wọ̀ ọ́, àyè ẹnì kan sì kù nínú rẹ̀ nígbà tó ń lọ.

Ẹ ó ní òmùgọ̀ ni Lágúnjú. Ẹ máa sọ ọ́, òun náà ti sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe rò ó. Onígbàgbọ́ ni. Nínú ìjọ tirẹ̀, bí àgbà bá kú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè kọjá kí wọ́n tó sin ín, tí àwọn ọmọ yóò máa kun ilé, tí òkú yóò máa dúró dè wọ́n. Ó wà ní ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ pé bó ti wù kó burú tó, ìyá òun yóò rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò rántí pé ilé Mùsùlùmí ni Ẹdúnàbọ̀n tó ń wí yìí, pé ẹni tó bá kú láàárọ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ kì í ṣú bá a nílé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá ń fi àdí pa orúnkún rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀ níbi tó ti ń jẹun. Ó ní, "Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

Lágúnjú ní, "Ẹ fi sílẹ̀, Màmá. Tó bá di Sátidé ẹ ó rí i."

Ó ń lọ sọ́dọ̀ Abdulwaheed lójoojúmọ́, ó jókòó tì í bí alájọ tó ń wá owó. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, wọ́n tan ọkọ̀ náà. Kò kọ́ ikọ́. Wọ́n gbé e dé ọ̀nà yunifásítì, wọ́n gbé e padà, kò gbóná, ohùn rẹ̀ rọ̀ bíi ti ẹni tó jẹun yó. Abdulwaheed nu ọwọ́. Ó ní, "Ọ̀gá, báyìí ẹ lè gbé e dé Sókótó." Lágúnjú fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn.

Láàárọ̀ Sátidé, ó fi ọ̀bẹ gé ọ̀rá kúrò lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Aṣọ abẹ́ rẹ̀ tutù, ó mọ́ bí ọjọ́ tó rà á. Ó ní kí ìyá wọ òfì. Ìyá wọ̀ ọ́ láìbéèrè, ó wọlé sọ́kọ̀, ó ń retí kó takú. Kò takú. Ìgbà tí wọ́n kọjá géètì yunifásítì ni Lágúnjú tó wojú rẹ̀ nínú dígí. Ó ní, "Màmá, Ẹdúnàbọ̀n là ń lọ."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó tún ń fi etí gèlè nu ojú. Ó béèrè pé, "Ṣé Àjàgbé mọ̀ pé mò ń bọ̀?"

"Wọ́n mọ̀. Àwọn gan-an ló ránṣẹ́ pè yín."

"Ìgbà wo ló ránṣẹ́?"

"Láìpẹ́ yìí náà ni."

Ní báyìí ẹnu ìyá kò dákẹ́ mọ́. Ó ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, Àjàgbé ló máa ń pín ẹran, èyí tó tóbi ni yóò fún òun, yóò ní eyín ń dun òun. Ó ní eyín kankan kò dùn ún. Ó ní òun mọ̀ pé ìbínú rẹ̀ ti tán látọjọ́ yìí, ìtìjú ló kù. Wọ́n dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ìyá ra búrẹ́dì ńlá kan fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó rọ̀. Ó ní, "Kò ní léyín mọ́, àfi èyí tó bá rọ̀." Ó gbé e lé itan títí wọ́n fi dé.

Èrò pọ̀ níwájú ilé Àjàgbé. Wọ́n tẹ́ ẹní láti ẹnu ọ̀nà dé abẹ́ igi, àwọn ọkùnrin jókòó nínú ẹ̀wù funfun, kẹ́tùrù àlùwàlá tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, èéfín oúnjẹ ń jáde lẹ́yìnkùlé. Ìyá Lágúnjú rí wọn, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Wò ó, Àyìnlá, gbogbo wọn ló jáde wá pàdé mi." Ó gbọ́wọ́ sókè lójú fèrèsé, ó ń kí wọn. Lágúnjú ti rí i. Ó tẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n kó tó yíjú sẹ́yìn, ìyá ti ṣílẹ̀kùn.

Fàòsíyà ló jáde wá. Ó kúnlẹ̀ nínú eruku. "Ìyá Ifẹ̀, ẹ káàbọ̀. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá."

Ẹ̀rín ṣì wà lójú ìyá. "Bàbá wo?"

Fàòsíyà wo Lágúnjú, ó tún wo ìyá. "Bàbá wa, Ìyá. Ní Tọ́sìdeè ni wọ́n jáde láyé, ní kùtùkùtù. A ti sin wọ́n kí a tó kírun ọ̀sán. Àdúà ọjọ́ kẹta là ń ṣe lónìí yìí." Ó wá rí i pé obìnrin náà kò mọ nǹkan kan. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ṣé Bọ̀ọ̀dá ò sọ fún yín pé mo wá ní Túsìdeè?"

"Túsìdeè," ni ìyá wí. Kò fi béèrè. Ó kàn sọ ọ́, ó sì yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ń wò ó bí ìgbà tó ń wá ọ̀nà láti dá a mọ̀. Lágúnjú wolẹ̀.

Ì bá dára kí Fàòsíyà dákẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í lè dákẹ́. Ó ní nígbà tí òun jíṣẹ́ pé mọ́tò ni wọn yóò gbé wá, Bàbá ní kí wọ́n gbé ẹní òun wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí òun lè máa gbọ́ ojú títì. Mọ́tò tó bá ti rọra, yóò béèrè pé, "Àwọn nìyẹn?" Láti ọ̀sán Wẹ́sìdeè ló ti ń béèrè, kò gbọ́ ti Sátidé. Ní àárọ̀ Tọ́sìdeè, ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró létí títì láti pọnmi sẹ́ńjìnnì. Bàbá ní, "Ẹ ṣílẹ̀kùn fún un, kó má dúró lóòrùn." Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìyá ní kí wọ́n mú òun lọ síbi tó sùn sí. Ẹ̀yìn ilé ni, ilẹ̀ rẹ̀ ṣì pupa. Ó fi orúnkún tó ń dùn ún yẹn kúnlẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé iyẹ̀pẹ̀ náà. Lágúnjú dúró lókèèrè, gbólóhùn kan péré ló gbọ́ nínú ohun tó ń sọ. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ń bọ̀ látọjọ́ yìí."

Ní iwájú ilé, wọ́n ti fún Lágúnjú níjókòó láàárín àwọn àgbà. Bàbá arúgbó kan ń yí Mẹ̀sí náà ká, ó ń fọwọ́ kàn án, ó ní, "Mọ́tò yìí dára o. Ẹni tó gbé irú èyí wálé bàbá ìyá rẹ̀, ó ṣe é." Ohun tí Lágúnjú ti ń fẹ́ gbọ́ nílé yìí láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn nìyẹn. Ó fi ọwọ́ bo ojú, ó sunkún bí ọmọdé, wọ́n sì rò pé bàbá tó kú ló ń sunkún sí. Wọ́n ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, pé Bàbá lo ọjọ́ ayé rẹ̀ gbó.

Nígbà tí àdúà parí, ìyá dìde. Lágúnjú sáré lọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Ìyá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn náà, ó ń ti ọ̀pá rẹ̀ lọ sétí títì.

"Màmá, ọkọ̀ rèé."

Ìyá dúró. Kò bínú, ohùn rẹ̀ kò ga. Ó ní, "Mo rí i, Àyìnlá. Ó dára. Èyí tí mi ò rí wọ̀ ní Túsìdeè ni mo fẹ́ wọ̀."

Ọkọ̀ èrò kan dé, ó nawọ́ dá a dúró. Àwọn mẹ́ta ló ti wà lẹ́yìn, wọ́n sún mọ́ ara wọn, kọ̀ndọ́ fà á wọlé, wọ́n gba ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fún un mọ́ igun.

Lágúnjú tẹ̀ lé wọn. Kí ni ì bá tún ṣe? Láti Ẹdúnàbọ̀n dé Ifẹ̀ ló ń wo ẹ̀yìn gèlè òfì yẹn láàárín orí àwọn èrò. Ọkọ̀ èrò náà ń rá, ó ń já àwọn kan, ó ń gbé àwọn kan. Bó bá dúró, Lágúnjú a dúró. Bó bá ṣí, Lágúnjú a ṣí. Ìyá kò bojú wẹ̀yìn. Búrẹ́dì tó rà wà níbi tó gbé e sí, lórí ìjókòó tí kò ní ọ̀rá mọ́. Mẹ̀sí náà kò sì ṣe nǹkan kan. Kò gbóná, kò tú èéfín, ó ń lọ geere, ó dáa lọ́jọ́ náà ju gbogbo ọjọ́ tó ti ń gùn ún lọ.

Ìyá ló kọ́kọ́ délé. Títílọpẹ́ rí i tó ń tiro bọ̀ láti ojú títì, ó sáré lọ gbà á mú, ó ní, "Màmá, mọ́tò dà?"

Ó ní, "Ó ń bọ̀ lẹ́yìn." Ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ bọ́ òfì.

Lágúnjú gbé ọkọ̀ náà gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìnkùlé, ó pa á, ó jókòó sínú rẹ̀ títí Títílọpẹ́ fi wá pè é pé oúnjẹ ti tutù. Kò tún tan án mọ́.